Olówó Tírílíọ̀nù

Ẹ ó rí irú rẹ̀ ní London, ẹ ó rí i ní Munich, ẹ ó rí i ní Johannesburg: alákòójọ àwọn owó tó ti kú. Bí ẹ bá dé ilé rẹ̀, omi ìfọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé fún yín. Ẹ má retí oúnjẹ o. Owó lẹ fẹ́ wò, ọwọ́ tó ń làágùn kò sì gbọdọ̀ kàn án.

Bí ọwọ́ bá ti gbẹ, á gbé álíbọ́ọ̀mù ńlá kalẹ̀, ìwé owó kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, gbogbo wọn ń dán. "Ẹ rọra o, tírílíọ̀nù 100 lẹ ń wò yẹn." Dọ́là Zimbabwe ni, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní 2009. Á fi igi ìtayín ka òdo rẹ̀ fún yín, mẹ́rìnlá géérégé. Á fi òkúta mẹ́ta tó gun orí ara wọn hàn yín, á yí i sẹ́yìn kí ẹ rí ẹfọ̀n àti omi Victoria Falls. Á wá tọ́ka sí ìbuwọ́lùwé Gideon Gono, gómìnà báńkì àpapọ̀ wọn nígbà náà, bí ẹni ń fi fọ́tò bàbá rẹ̀ han àlejò.

Ẹ ò tíì rí nǹkan. Ó ní ti Jámánì 1923, nígbà tí dọ́là Amẹ́ríkà kan di máàkì tírílíọ̀nù 4.2. Ó ní ti Họ́ngárì 1946, èyí tó tóbi jù tí wọ́n ná níbẹ̀: òdo 20 ni iye rẹ̀ ní lẹ́yìn 1. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ iye náà sára ìwé, wọn ò to òdo, ìyẹn sì ń dùn ún dé egungun. Lójú tirẹ̀, ìyà tí kò ní òdo tó ṣeé kà kò tíì tó ìyà.

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé owó kò gbọdọ̀ tíì ṣe iṣẹ́ owó. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí ló ń wá. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tó ń yẹ ìwé owó wò, tí wọ́n ń fún un ní àmì, 70 sì ni àmì tó ga jù. Èyí tí obìnrin kan ká sí mẹ́rin, tó kì í sí àyà, tó fi ra ìyẹ̀fun àgbàdo ní ọjà Mbare ní Harare, kò jọ ọ́ lójú. "Ó ti rún. Kò níye lórí." Owó tó bọ́ ọmọ di ìdọ̀tí; èyí tí kò ra iyọ̀ rí ló ń sùn nínú ọ̀rá.

Ẹ bi í pé kí ni owó náà lè rà. Á kọ́kọ́ wúkọ́. Á ní ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé ní oṣù keje 2008, ọ̀wọ́ngógó ọjà ti di ìdá 231 mílíọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún. Á ní oṣù yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Giesecke & Devrient ní Munich kọ̀ láti ta pépà owó fún Zimbabwe mọ́. Á ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 2009 ni wọ́n gé òdo 12 kúrò lára owó náà. Ó mọ ọjọ́, ó mọ pépà, ó mọ ẹni tó buwọ́ lù ú. Iye búrẹ́dì kan ni kò mọ̀.

Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ní 2015, nígbà tí Zimbabwe ń gba owó àtijọ́ náà padà, ẹni tí owó rẹ̀ ní báńkì kò ju tírílíọ̀nù 175,000 lọ, dọ́là Amẹ́ríkà 5 péré ni wọ́n kà fún un. Lónìí, ìwé tírílíọ̀nù 100 kan ṣoṣo, bó bá mọ́ tónítóní, lè mú ju 100 dọ́là Amẹ́ríkà lọ lọ́wọ́ àwọn alákòójọ. Ẹni tó jẹ ìyà rẹ̀ kọ́ ló sábà ń jẹ èrè rẹ̀.

Bó bá gbọ́ pé owó orílẹ̀-èdè kan tún ti ń já wálẹ̀, ojú rẹ̀ á tàn. Nígbà tí ti Venezuela dé, ṣe ló ń wá ẹni tó ń lọ sí Caracas kiri. Ṣùgbọ́n kí owó mílíìkì gbéra díẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀, á pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú pé ìjọba fẹ́ pa aráàlú.

A ò ní kó dáwọ́ dúró. Bí kò bá sí irú wọn, ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí ì bá ti di ìdáná, ẹ̀rí ì bá sì ti parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin alákòójọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹyọ kan tó ti gbó, tó ti ya létí, kí ẹ fi ṣíwájú gbogbo wọn, kí ẹ sì kọ iye búrẹ́dì ọjọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kó jọ, òun nìkan ló ṣe owó rí.