Ṣíbí Oògùn Ikọ́ Márùn-ún Péré!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wakọ̀ l'Ékòó, ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ yìí. Kí ni mo fi ṣe aráyé? Mo ra Toyota Celica tòkunbọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, pupa, onílẹ̀kùn méjì, jíà ọwọ́. Ó ń rìn, ẹ́síì rẹ̀ ń fẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Agége pé kó bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì, ọ́ìlì lásán o! Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pòṣé, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò eré lẹ gbé lọ́wọ́ yìí, ẹ wá ń wà á bí ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ ká rìbóò ẹ̀, ká lọ̀ tọ́ọ̀pù, ká fẹ ihò ẹ̀ lójú. Á máa fò ni!”

Ṣé èmi ni mo bi í ni? Àmọ́ àbúrò ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó ti pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbé sípánà, kí n tó pa ẹnu dé, ẹnjíìnì mi ti wà nílẹ̀ lórí páálí!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rìbóò yìí pọ̀, torí owó mi ló bá a lọ. 5S-FE ni Toyota pe ẹnjíìnì náà. Ojú sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 87, písítíìnì ń rin mìlímítà 91 lókè-sódò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ jẹ́ síísíì 2,164. Tọ́nà, ẹni tó ń gbẹ́ irin, gbẹ́ ìdajì mìlímítà kún fífẹ̀ rẹ̀, a wá ra písítíìnì òfásáìsì sí i. Kí la jèrè? Síísíì 25! Ṣíbí oògùn ikọ́ ọmọdé márùn-ún! Gbogbo ariwo yẹn, àti iná tó lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ààrin, àti epo jẹnẹrétọ̀ tí èmi náà ni mo rà, àti búrẹ́dì Agége òun ẹ̀wà tí mo fi bọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù, nítorí ṣíbí oògùn ikọ́ márùn-ún!

Tọ́nà náà wá ṣe tán. Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin dúdú dànù, ó ti ìka ìlábẹ̀ bọ sìlíńdà, ó di ojú, ó yí ìka náà po díẹ̀díẹ̀, ó ní: “Ó ti jọ.” Mo ní: “Bọ̀dá Tọ́nà, ẹ ò ní fi nǹkan wọ̀n ọ́n ni?” Ó wo ojú mi bíi pé mo bú ìyá rẹ̀!

Ihò tọ́ọ̀pù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹnjíìnì, tí wọ́n fẹ̀ tí wọ́n sì dán ńkọ́? Èmi ò sọ pé irọ́ ni o. Honda pàápàá fi ọwọ́ dán ihò Integra Type R tí wọ́n gbé jáde ní 1995, wọ́n sì rí agbára ẹṣin 200 fà yọ nínú ẹnjíìnì lítà 1.8. Àmọ́ ìgbà tí ẹnjíìnì yẹn bá ń yí tó ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan lẹ tó ń rí 200 náà. Agége Motor Road ni mo ń gbà ní tèmi! Tí ẹnjíìnì mi bá yí tó 2,000, a jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú ni. Ihò tó ti fẹ̀ jù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yára wọlé bí ẹnjíìnì bá ń yí jẹ́jẹ́, agbára ìsàlẹ̀ tí mo fi ń yọ́ rìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tẹ́lẹ̀ ti bá a lọ.

Wọ́n tún lọ̀ ojú tọ́ọ̀pù kí ibi tí epo ti ń jó lè fún. Ìyẹn ń fi agbára kún un lóòótọ́, àmọ́ ó ń fẹ́ epo tí kì í gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Irú pẹ́tírọ́ọ̀lù kan náà ni ilé epo àdúgbò wa ń tà fún gbogbo wa, èyí tó kúrò ní náírà tí kò tó 200 bọ́ sí 488 l'Ékòó bí oṣù Karùn-ún 2023 ṣe ń parí lọ, tó tún lé ní 1,000 náírà ní 2024! Bí mo bá ń gun bíríjì Pen Cinema, ẹnjíìnì á máa kan kó-kó-kó, gbogbo èèyàn á yíjú wò mí. Wọ́n tún fá fláìwíìlì kó lè fúyẹ́, ó wá ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbàkígbà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, àwọn ọlọ́kadà ń bú mi, kọ̀ǹdọ́ ń bú mi, ọmọ tó ń ta gàlá ń bú mi, ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní 2024 ń kó èèyàn lọ sí Oyìngbò, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ ń wò mí láti ojú fèrèsé, èmi tí mo ní mọ́tò eré!

Òfin ní kí mọ́tò má sá ju kìlómítà 50 lọ láàárín ìlú. Mò ń wá ẹni tó máa fi 50 ọ̀hún hàn mí. Táyà ńkọ́? Láti 2008 tí ilé-iṣẹ́ Dunlop ti pa iṣẹ́ táyà tì ní Ìkejà, a ò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́, kòtò sì ń jẹ èyí tá a rà láti òkèèrè. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ ò lè bá mi ra táyà àti búréèkì gidi kẹ́ ẹ tó máa gbẹ́ irin?

Ẹnjíìnì tó ń mu ọ́ìlì, tó ń rú èéfín búlúù, òun ni rìbóò wà fún, kó lè padà sí bó ṣe wà. Tèmi ò mu ọ́ìlì, kò rú èéfín.

Celica náà wà fún títà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bá mi ná an wálẹ̀ o, owó tọ́nà wà nínú rẹ̀.