Gọ́tà Kò Ní Ara

Láti 2003 tí Toyota ti kọ́ Prius ní Japan láti máa yí sìtíárìn fúnra rẹ̀ tó bá ń páàkì, mọ́tò ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Sẹ́ńsọ̀ inú bọ́ńpà á ju ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sẹ́yìn. Bí ìró bá kọlu ògiri tó padà, kọ̀ǹpútà á ṣírò ààyè, á yí sìtíárìn. Ògiri ń sún mọ́, pín, pín di píììììn. Àmọ́ gọ́tà Èkó kò ní ara tí ìró lè kọlù. Mọ́tò dákẹ́, ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ọmọ àdúgbò tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń pariwo: “Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀… Alájì, ẹ dúró, gọ́tà rèé o!” Sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ kì í lo bátìrì, náírà 500 ló ń lò.