Ọnarébù Tí Kò Wọlé Rí

Bí lékeléke bá ti wọ̀lú, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Bí Ọnarébù bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù lẹ́nu Ọjà Akẹ̀sán, ìbò ò jìnnà mọ́. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá elélùbọ́, agbádá á gbá eruku ilẹ̀. Ìyá á ní kó dìde. Kò ní í dìde. Á kọ́kọ́ yíjú sí ọmọkùnrin tó gbé fóònù lọ́wọ́: "Ṣé o ti yà á?"

Kò ṣe kánsílọ̀ rí, ká má tíì sọ ilé ìgbìmọ̀. Onílù dùndún kan ló fi ìlù pè é ní Ọnarébù níbi ìkómọ, owó tó lẹ̀ mọ́ onílù níwájú ló sì fìdí oyè náà múlẹ̀. Aádọ́ta náírà ni gbogbo rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún sí wẹ́wẹ́ látilé, kí níná rẹ̀ lè pẹ́.

Wọ́n ní Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan. Ọnarébù ní tiẹ̀ ń ṣe bíi gómìnà tó bá wọlé. Nígbà Lam Adéṣínà ní 1999, AD ló ń ṣe. Ní 2003 tí PDP gbé Ládọjà wọlé, ó rántí pé agboolé àwọn ò ṣe ẹgbẹ́ mìíràn rí. Ajímọ̀bi dé ní 2011, ó gbé ìgbálẹ̀ ACN, ó gbé e dé APC. Mákindé wọlé ní 2019, ó padà sábẹ́ agbòòrùn PDP. Ìgbálẹ̀ ò sọnù o. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. A kì í mọ ohun tí ọ̀la máa bí.

Àtìbà, Ìlà Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀ Oòrùn Ọ̀yọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tó pín ìlú mọ́wọ́. Ọmọ onílẹ̀ ni Ọnarébù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ilé baba, ilé ìyá, ilé àna. Èyí tó bá yá ló ti ń gba fọ́ọ̀mù alága, tí pósítà rẹ̀ á gba gbogbo ògiri. Bó bá wá ku ọ̀la kí ẹgbẹ́ fa ènìyàn kalẹ̀, àwọn àgbà á pè é sí kọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, "nítorí ìfẹ́ ìlú mi", ó yẹ̀bá fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́, òrùlé tuntun gun ilé. Ní 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Láti ìgbà náà ni iye tí Ọnarébù ń gbà kó tó yẹ̀bá ti lé sókè.

Nígbà tí iná jó Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020, eérú ò tíì tutù tó fi dé, ó ń fi áńkáṣífù nujú, ó láwọn jọ máa kọ́ ọ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ta lẹ rò pé ó jókòó níwájú?

Ẹ má káàánú àwọn ìyá ọjà ṣá. Kóńgò èlùbọ́ tí Ọnarébù ń rà wọ́n ju tèmi tìrẹ lọ, nítorí ẹni tó ń wá ìbò kì í ná ọjà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ gbowó tán, inú rẹ̀ dùn, ó gbọ́wọ́ sókè: "Lọ́tẹ̀ yìí, Ọnarébù, ẹ ó wọlé dandan!" Gbogbo ìsọ̀ ṣe àmín. Ọnarébù ní kí ìyá yáa bá òun wọn kóńgò kan sí i.