Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Ja Ogun Kurukshetra ní Adéwọlé

Akọ̀wé àgbà, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí gègé rẹ. Gbogbo orí ìwé tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nígbà tí àwọn ọmọlúàbí ń sùn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Má tíì bínú. Kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin funfun mẹ́rin ń fà gbéra ní Adéwọlé, ó sáré dé Ọjà Ọba, kò pàdé Márúwá kan, ẹnikẹ́ni ò sì bú awakọ̀ rẹ̀. Ní Ìlọrin yìí? Ravana olórí mẹ́wàá kò lè fi gbogbo ẹnu rẹ̀ pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo tún rí ẹyẹ ọ̀kín lórí igi máńgòrò. Mo rí olorì kan tó gbọ́ ìròyìn burúkú, tí ààrá sán lẹ́ẹ̀mẹta, tí gbogbo ará ààfin sì yíjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè ya ẹnu. Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ ti tú. O ń sọ kiri pé Mahabharata, ìtàn ogun àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ló fún ọ ní ìmísí, àṣé Zee World orí tẹlifísàn ni. N kò bú Zee World o. Èmi náà mọ orúkọ àwọn ìyá ọkọ burúkú inú rẹ̀ ju orúkọ àwọn kọmíṣọ́nà Kwárà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ń lọ pọnmi lódò, kó má lọ bu omi inú ike aládùúgbò.

Mo mọ ohun tí o máa wí: ìwé Mahabharata ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Mahabharata tó nǹkan bí 100,000 ẹsẹ ní apá 18; Ramayana, ìkejì rẹ̀ tó kéré, tó nǹkan bí 24,000. Kò sẹ́ni tó ní kí o kà á tán kí Iléyá tó dé. R. K. Narayan, oǹkọ̀wé ọmọ Íńdíà, ti sọ méjèèjì ní kúkúrú lédè Gẹ̀ẹ́sì, Ramayana ní 1972, Mahabharata ní 1978. Kà wọ́n, kí o wá sọ fún mi bóyá wúrà àti ọfà ló mú ọ lọ́kàn.

Èmi, ìjà ilé ló mú mi. Nínú Ramayana, Ọba Dasharatha ní ìyàwó mẹ́ta. Kaikeyi, ọ̀kan nínú wọn, gba ẹ̀mí rẹ̀ là lójú ogun nígbà kan, ọba sì ní kó béèrè ohun méjì tó bá wù ú. Obìnrin náà ní ó di ìgbà mìíràn. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Rama, ọmọ orogún rẹ̀, jẹ Àrẹ̀mọ, ìránṣẹ́ rẹ̀ Manthara yọ́ wọlé wá bá a sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ni Kaikeyi bá ní kí ọba san gbèsè: kí Bharata ọmọ òun jọba, kí Rama lọ gbé inú igbó fún ọdún 14. Agboolé wo ní Ìlọrin ni o ti fẹ́ sọ èyí tí wọn yóò ní kò yé àwọn? Bharata fúnra rẹ̀ kọ̀. Ó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó padà, ìyẹn ò gbà. Ó gba bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e ka orí ìtẹ́, ó ń bá a mójú tó ìlú dè é. Bàtà lórí ìtẹ́, àbúrò mi! O fi èyí sílẹ̀, o ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn olorì.

Tàbí kí o mú Karna inú Mahabharata. Kunti bí i fún òrìṣà oòrùn kó tó lọ́kọ. Ìtìjú mú un, ó tẹ́ ọmọ sínú agbọ̀n, ó fi í sójú odò. Awakọ̀ ẹṣin kan àti ìyàwó rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ogun fẹ́ bẹ́, tí Karna wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá ọmọ ìyá rẹ̀, ni ìyá yìí tó wá jẹ́wọ́ fún un. Karna ní òun ò lè da ẹni tó gba òun nígbà tí kò sẹ́ni tó gba òun. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé ọmọ márùn-ún ni yóò kù fún un: Arjuna nìkan nínú wọn ni òun yóò bá jà dójú ikú, èyí tó bá kú nínú àwọn méjèèjì, márùn-ún náà ni. Ro èsì yẹn, kí o wá lọ wo ibi tí akọni tìrẹ ti ń ké pe ìyá rẹ̀ fún odidi ojú ìwé.

Shivaji Sawant rí Karna yìí, ó fi kọ Mrityunjaya lédè Marathi ní 1967. Chitra Banerjee Divakaruni jẹ́ kí Draupadi, ìyàwó Arjuna àti àwọn arákùnrin rẹ̀, fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn nínú The Palace of Illusions ní 2008. Nílé wa níbí, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gba ìtàn àwọn obìnrin Troy lọ́wọ́ Euripides, ó fi kọ Women of Owu. Kò kó ará Gíríìkì kankan wá sí Òwu. Òwu tí ogun fọ́ ní ọ̀rúndún 19 ló gbé sórí ìtàgé, pẹ̀lú àwọn opó rẹ̀. Ìwọ ní ogun tìrẹ lẹ́yìnkùlé, o ń wá físà Íńdíà.

Bhishma ni kí n fi hàn ọ́. Àgbà ìdílé tí ogun Mahabharata pín sí méjì ni, ó fi ìtẹ́ àti ìyàwó sílẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀, wọ́n sì fún un láṣẹ kó yan ọjọ́ ikú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá nínú ọjọ́ 18 tí wọ́n fi jà ní Kurukshetra, ọfà bò ó débi pé nígbà tó ṣubú, ara rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Orí ọfà ló sùn sí, ó ń retí ìgbà tí oòrùn yóò yíjú sí àríwá. Nígbà tí Peter Brook, olùdarí eré, fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣe Mahabharata ní eré orí ìtàgé ní Avignon, ilẹ̀ Faransé, ní 1985, ta ló ṣe Bhishma? Sotigui Kouyaté, ọmọ Burkina Faso, láti ìdílé àwọn arókin ilẹ̀ Mandé. Aládùúgbò wa ni.

Wá ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, kí o ka ikú Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Ìlọrin níbí, ní nǹkan bí 1824. Johnson ní ọ̀kọ̀ àti ọfà ara rẹ̀ pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò wó lulẹ̀. Orí wọn ló dúró lé. Ọ̀kan sùn lórí ọfà ní Kurukshetra, ọ̀kan dúró lórí ọfà nínú ìlú tí o ti ń ra wàrà. O ò rí i, ọ̀kín lo rí.

Afọ̀njá gan-an kọ́ ni kí o kọ̀wé lé lórí o. Àwọn tó ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílùú yìí ti pọ̀ tó, n kò sì ní owó béèlì. Ṣọlágbèrú ni n bá mú. Ọ̀rẹ́ Afọ̀njá ni, Òkè Súnà ni ibùdó rẹ̀, Johnson sì ní kò gbè é nígbà tí ogun dé. Bhishma náà wà ní ìjókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ta tẹ́tẹ́ jẹ Draupadi, tí wọ́n fẹ́ bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lójú agbo. Àgbà yìí ò rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Mahabharata nìyẹn: àgbà tó dákẹ́ kì í rí ibi sá pamọ́ sí. Ní wákàtí tí Afọ̀njá ń kú, kí ni Ṣọlágbèrú ń ṣe? Ta ló ń wò ó lójú? Kí ni ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀, ṣé ó sì jẹ ẹ́? Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fún ohùn ìtàn, pa tẹlifísàn, kí o gbọ́ dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú. Ó mọ bí a ṣe ń ya bàrá kúrò lójú ìtàn ká tó padà sí i, bí Mahabharata gan-an ṣe ń rìn nìyẹn.

O ní kí n bá ọ tẹ ìwé rẹ lórí kọ̀ǹpútà. Mo gbà, ṣùgbọ́n àdéhùn Ganesha ni. Nígbà tí Vyasa, tó ni ìtàn Mahabharata, bẹ òrìṣà olórí erin yìí kó máa bá òun kọ ọ́ sílẹ̀, Ganesha ní òun gbà bí Vyasa kò bá ní dánu dúró. Vyasa ní kò burú, ṣùgbọ́n kó má kọ ohun tí kò bá yé e. Bó bá ti rẹ Vyasa, á sọ ẹsẹ kan tó ta kókó, kí Ganesha máa rò ó, kí òun rí àyè sinmi. Wọ́n ní nígbà tí gègé ṣẹ́, Ganesha kán eyín ara rẹ̀, ó ń fi kọ ọ́ lọ. Èmi ò ní tẹ ohun tí kò yé mi, nítorí náà àwọn ẹṣin funfun Adéwọlé ti lọ nìyẹn. Ìwọ náà, má dánu dúró lọ wo Zee World. Ní ti eyín, ó ti yọ tó lẹ́nu mi, n kò ní kán ẹyọ kan sí i nítorí rẹ. Ra bíró dání.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ