Bàbá Ìwé-ló-wí

Ẹni tó bá ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tuntun tó yí Ìkòròdú ká, níbi tí gẹ́ẹ̀tì ti dé ṣùgbọ́n tí ọ̀dà kò tí ì dé, kò lè ṣàì mọ Bàbá Ìwé-ló-wí. Òun ni ọkùnrin tí í dé akẹtẹ̀ bí aṣọ́gbó, tí í jí ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lójú oorun ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń fọ aṣọ ilé-ìwé lọ́wọ́, tí í sì kéde fún wọn pé ìwé tí wọ́n kà lọ́sẹ̀ yìí, òní ni wọn yóò fi ojú ara wọn rí i. Ó ti gbọ́ níbì kan pé àwọn òbí ọ̀làjú níhà òkè òkun a máa kó ọmọ wọn lọ síbi tí ìtàn inú ìwé ti ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò sì ti balẹ̀ mọ́.

Ohun rere ni kí bàbá ka ìwé sétígbọ̀ọ́ ọmọ. Mo mọ àwọn bàbá tó jẹ́ pé ìwé owó iná nìkan ni ọmọ wọn gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́.

Èmi náà bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí mo ń wá ẹja. Ìwé tó gbòde lọ́sẹ̀ náà ni *Chike and the River* tí Chinua Achebe kọ, tó jáde ní 1966: ìtàn ọmọkùnrin kan láti Umuofia tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Onitsha, tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ ohun mìíràn ju kó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya lọ sí Asaba, ṣùgbọ́n tí kò ní ṣílè kan tí yóò san ní àlọ àti àbọ̀. Asaba jìnnà, epo ọkọ̀ sì wọ́n, ni Bàbá Ìwé-ló-wí bá fi àṣẹ lélẹ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ni Asaba wa, ọ̀sà sì ni Odò Ọya. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tó jogún ẹnu ìyá rẹ̀, bi í pé ṣebí ọ̀sà yìí náà ló wà ní Ìpakòdò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí Èkó, tí ọ̀kadà kan péré sì lè gbé wọn débẹ̀. Bàbá dá a lóhùn pé Chike kò gbé Ìpakòdò. Kò sẹ́ni tó tún fọhùn títí a fi kọjá Ìmọ̀tà. (Chike kò gbé Ẹ̀pẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo wọ̀.)

Oúnjẹ wa pẹ̀lú, inú ìwé ló ti wá. Nítorí pé àwọn ọmọ inú ìwé Enid Blyton kì í rìnrìn àjò láìgbé búrẹ́dì tí wọ́n ha nǹkan sí láàárín, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí òórùn ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ ń ta sánsán dé òpópó kejì, ti jí ní aago mẹ́rin láti ha kùkúńbà sínú búrẹ́dì. Kí a tó dé Ìtòkín, ooru ti sọ ọ́ di ohun tí ajá yóò gbóòórùn kó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, àwọn ọmọ sì ń yí ọrùn tẹ̀lé gbogbo ẹlẹ́kọ tí a ń kọjá.

A dé Ẹ̀pẹ́, ìlú ẹlẹ́ja, Èkó Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún. Ìlú tí Kòsọ́kọ́ ọba Èkó sá wá tòun tàwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó mọ́ wọn lórí ní 1851, tí wọ́n sì ń fi ọdún Káyókáyó rántí ìgúnlẹ̀ wọn títí dòní. Bàbá Ìwé-ló-wí rìn kọjá lórí gbogbo ìyẹn bí ẹni ń rìn lórí koríko, nítorí kò sí nínú ìwé tó gbé lọ́wọ́. Ó dúró létí omi, ó wo omi, ó wo ìwé, ó mirí. Ó wá bẹ ọlọ́kọ̀ kan kó jọ̀ọ́ bá òun ké “Asaba! Asaba!” kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ.

Ọlọ́kọ̀ náà wò ó láti orí akẹtẹ̀ dé bàtà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èmi kì í ná Asaba. Ejìnrìn ni mò ń ná.”

Ọjà Olúwo ni èmi ń lọ láti àárọ̀, ibẹ̀ ni ọjọ́ náà sì ti dùn. Ìyá kan jókòó ti ọpọ́n, ó ń la ẹja àrọ̀, ó ti ìka méjì bọ ikùn rẹ̀, ó sì yọ òróòro rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìbẹ́. Ó ní, “Ọkọ mi, sún mọ́ mi kí o wò ó. Bí èyí bá bẹ́, ọbẹ̀ á korò bí ọ̀rọ̀ orogún.” Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún méje, sún mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìyá yìí ló ti wá rí ohun tí kò retí. Lórí ìsọ̀ ẹlẹ́ran ìgbẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀yà àti ọmọ ọ̀nì tí wọ́n fi okùn di lẹ́nu, Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo fúnra rẹ̀ ni wọ́n so lẹ́sẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ àga: ahun tó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ, tó fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú erin wọ̀lú. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó sì rọra bi í pé, “Ìjàpá, ta ló mú ọ?”

Bàbá rẹ̀, tí òun gan-an fi *Aláwìíyé* tí J. F. Ọdúnjọ kọ mọ̀wé kà, fà á lápá dìde. Ó ní ìjàpá kò sí nínú ìwé ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìyá ẹlẹ́ja ní, “Bàbá ọmọ, ẹ fi í sílẹ̀ kó wò ó dáadáa. Àwọn tó ń rà á lọ, kì í ṣe àlọ́ ni wọ́n fẹ́ fi í pa.”

Nígbà tí a padà délé, olúkúlùkù ọmọ gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí, kí Bàbá tó jẹ́ kí wọ́n jẹun. Èyí àgbà àti èkejì kọ nípa Chike àti odò ńlá, wọ́n sì gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àbíkẹ́yìn kọ ìlà mẹ́ta péré: “Mo rí Ìjàpá. Wọ́n dè é lókùn. Kò rí ọgbọ́n kankan dá sí i.”

Bàbá Ìwé-ló-wí fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò sí nínú ìwé.