Ọ̀gá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì-Ni

Bí ẹ bá wọ Ìlogbò-Èkìtì, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín tẹ ìwé, pátákó rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tó wà lára pátákó náà pọ̀ ju ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ: títẹ ìwé, fọ́tókọ́pì, JAMB, WAEC, NIN, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àtúnṣe fóònù. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ orúkọ rẹ̀ sí, "Ẹnjiníà" sì ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ta ni. Irú rẹ̀ wà ní Ùsì, ó wà ní Ìdó, ó wà ní Ìjerò, bí ẹ bá sì dé Àràmọ̀kọ, ẹ ó bá méjì níbẹ̀ tí wọn kì í kí ara wọn.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ara pátákó yẹn. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Microsoft gbé jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2009. Ojú rẹ̀ ti di dúdú kirikiri, a sì kọ ọ́ sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ayédèrú ni Windows yìí. Oníbàárà kan bèèrè ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ní owú ni Microsoft ń jẹ.

Láti ọdún 2003 ni Microsoft ti sọ ọ́ di àṣà pé Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni wọ́n máa ń kó àtúnṣe jáde. Fún Windows 7, wọ́n ṣe é títí di ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, wọ́n sì palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó lọ sanwó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kó o jáde yẹn, àpótí kékeré kan máa ń yọ ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà láti sọ pé ọ́pudéètì ti dé. Ọ̀gá á sì tẹ̀ ẹ́ pa wéré, bí ẹni tí olówó èlé yọ sí lókèèrè.

"Ọ̀gá, kí ni nǹkan tó ń yọ yẹn?"

"Ọ́pudéètì ni. Òun làwọn òyìnbó fi ń mu dátà ẹni. Kọ̀ǹpútà tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án."

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé sọnù pátápátá. Àwọn tó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á títí ọ́pudéètì yóò fi parí, iná wọn kì í ṣẹ́jú. Wọn ò mọ ìlú tí iná ti ń dé láago méjì òru tó sì ń lọ láago mẹ́ta. Wọn ò sì ra dátà rí pẹ̀lú owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe fọ́tókọ́pì ojú ewé méjì. Èyí tó wá burú ni pé bí a bá ṣe ń sún un síwájú ló ń wúwo sí i. Windows 7 tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sínú ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ gba Service Pack 1 ti ọdún 2011, kó tó gba ẹrù ńlá tí Microsoft dì pọ̀ ní 2016, kó tó wá kan ti 2020. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá jẹ́ owó dátà nìkan ni Ọ̀gá ń sá fún, mi ò bá gbè é.

Àmọ́ oyè tó wà lára pátákó yẹn ló ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan wá tẹ síliìpù ìdánwò JAMB rẹ̀ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Chrome tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kò tilẹ̀ dé 109, èyí tí Google fi kádìí ọ̀rọ̀ Windows 7 nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Bátìrì róbótó tó ń bá a rántí ọjọ́ ti kú tipẹ́, nítorí náà, gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009 ló máa jí sí. Ojú òpó wo ló fẹ́ gbà pé ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti 2009 kì í ṣe olè? Ojú òpó á kọ̀, ọmọ á wo Ọ̀gá lójú, Ọ̀gá á yọ awò rẹ̀, á fi etí aṣọ nù ún.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Sáfà wọn ní Àbújá ti dáwọ́ délẹ̀."

Ọmọ á wọ ọ̀kadà lọ sí Ìdó, á tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú péréte. Bó bá padà wá sọ fún Ọ̀gá, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: "Ṣé ẹ rí i? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé nìyẹn."

Kì í ṣe Èkìtì nìkan ló bí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2017, Microsoft kó àtúnṣe kan jáde tó dí ihò ńlá kan nínú Windows. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò náà wọlé sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti fáìlì wọn pa, ó ní kí wọ́n sanwó. Wọ́n sún ìpàdé àwọn aláìsàn pẹ̀lú dókítà síwájú, wọ́n darí ọkọ̀ aláìsàn gba ibòmíràn. Nǹkan bí oṣù méjì ni oògùn fi wà nílẹ̀ tí wọn kò lò ó, Windows 7 ló sì pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó kó o. Ọ̀gá Ẹnjiníà tiwọn kàn wọ táì ni.

Ẹni tó fẹ́ tú àṣírí Ọ̀gá wa wá jẹ́ agùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ni ní ilé ìwé girama, tó wá tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ó jókòó dúró, ó rí i pé Windows náà kò gba ọ́pudéètì kankan rí, ó rí ọdún 2009, kò sì lè pa á mọ́ra.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, sà. Mo máa wa gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì láti Adó. Kò ní jẹ dátà yín."

"Ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, sà."

Ọ̀gá gbà. Lọ́jọ́ kìíní, Kọ́pà ṣàlàyé bó ṣe máa tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Service Pack ló máa ṣíwájú, lẹ́yìn náà ni méjì kan tó jáde ní 2019, nítorí ọdún yẹn ni Microsoft pààrọ̀ irú èdìdì tó fi ń ti ọ́pudéètì. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní méjì yẹn kò ní mọ èdìdì tuntun náà, yóò lé àwọn tó ní in padà. Ọ̀gá ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Service Pack dé ìdajì, obìnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì ẹyọ kan. Ọ̀gá tan ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé gbin lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kọ́pà dọwọ́ borí. Ìyàlẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n tún tan kọ̀ǹpútà, ó jí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ráhùn rárá.

"Ẹ̀rọ gidi nìyẹn," Ọ̀gá ló wí bẹ́ẹ̀. "Kì í ṣàìsàn."

Lọ́jọ́ kejì, iná wà. Service Pack wọlé títí dé òpin, ó ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n tún un tàn. Kò sí Service Pack níbì kankan. Kọ́pà tún un ṣe, ó tún pòórá. Ó wá bi ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá bóyá nǹkan máa ń sọnù nínú kọ̀ǹpútà yìí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a bá fi sójú rẹ̀, kì í bá a mọ́júmọ́, ó máa ń jẹ ẹ́. Ọ̀gá ní inú D ni ká máa kó gbogbo nǹkan sí."

Kọ́pà tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ aago. Béárì funfun kékeré kan wà níbẹ̀. Deep Freeze ni, èyí tí àwọn oní-kaféè máa ń lò láyé ìgbà tí gbogbo ọmọ ìlú ń wá wo í-meèlì: ó máa ń dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n dì í, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un tàn. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Service Pack ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Páswọ́ọ̀dù wo? Ẹni tó bá mi ṣe é ló mọ̀ ọ́n. Ó ti wà ní Kánádà."

"Àfi ká nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, ká gbé Windows mìíràn sí i, sà."

"Nu kí ni? Pẹ̀lú ètò ìsìnkú mẹ́ta tó wà nílẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká pe ẹni náà nígbà yẹn. Ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀?"

"Mo ní in dáadáa," Ọ̀gá dáhùn, ó sì fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà. "Ojú ẹ̀ níbí gan-an ni mo kọ ọ́ sí."