Kóòṣì Ẹlẹ́nu Òyìnbó

Ẹ lè pè é ní Dáre. Ní àdúgbò tiyín, ó lè máa jẹ́ Wálé tàbí Kúnlé, ó sì lè jẹ́ obìnrin, àmọ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n. Pátákó rẹ̀ wà lára òpó iná, lókè ti ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí: ó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, ó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ọmọlúàbí, ó ń múni yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS, ó sì ń tún ohùn tó ti bàjẹ́ ṣe. Kì í jẹ́ tíṣà. Ẹni tó bá pè é ní tíṣà ti tàbùkù rẹ̀. Tíṣà ni ẹni tí ìjọba ń jẹ lówó oṣù. Kóòṣì ni òun.

Kóòṣì ò tíì dé Ìlú Ọba rí. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ò fi ìka kan lé èyí tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí Kóòṣì ní ni fíìmù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan ní Manchester tó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, àti ìwé kan tí wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ara ẹ̀dà títí àwọn òyìnbó inú àwòrán rẹ̀ fi dúdú bíi tiwa. Inú ìwé yìí ni wọ́n ti ń ṣí fìlà kí ara wọn. Kóòṣì kò ní fìlà, àmọ́ ó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Bó bá ti dúró níwájú kíláàsì, ohùn rẹ̀ á gba imú lọ. Ó ń pe omi bí ará Amẹ́ríkà, ó ń pe tòmátì bí ará London, àmọ́ tó bá kan owó ẹ̀kọ́, bí ọmọ Nàìjíríà ló ṣe ń pè é: ketekete, láìyọ lẹ́tà kan. Yàrá òkè ní Ìpájà ni kíláàsì náà wà, àga oníke méjìlá, pátákó ìkọ̀wé kan, àti àpótí onígíláàsì kan tí wọ́n ń ju owó ìtanràn sí. Igba náírà ni gbólóhùn Yorùbá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpótí yẹn ló ń san owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, àbẹ́là ni. Ó tan án, ó ní kí olúkúlùkù pe “paper” sí i. Bí iná bá mì, “p” rẹ ti di ti òyìnbó nìyẹn. Irọ́ kọ́ o, àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ náà ń lo ọgbọ́n yìí, torí “p” òyìnbó tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde, kò dà bíi ti “pàtàkì” tiwa tó jẹ́ pé ètè àti ọ̀nà ọ̀fun ló jọ ń pa á pọ̀. Ìyá kan fi gbogbo agbára rẹ̀ pè é, ó pa àbẹ́là, ó sì tún bu omi wọ́n Kóòṣì lójú. Bí wọ́n ṣe ń ti ahọ́n bọ àárín eyín nítorí “th” nìyẹn, tí gbogbo yàrá ń tutọ́. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ní ìyọnu tiwọn: “h” tí wọ́n yọ kúrò nínú “house,” ọ̀dọ̀ “egg” ni wọ́n gbé e lọ. Kò ṣègbé, ilé ló kó.

Ẹ̀rù ìdánwò ló ń mówó wá fún Kóòṣì. Láti 1989 ni IELTS ti wà, apá ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ: ìwọ àti olùdánwò kan, ìbéèrè nípa ilé àti iṣẹ́ rẹ, káàdì kan tí wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú kan láti fi múra sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ óò jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe ń já geere, bí ọ̀rọ̀ tó o mọ̀ ṣe pọ̀ tó, gírámà rẹ, àti bóyá ohùn rẹ ń yé ni, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń fún ní máàkì. Wọn kì í wò ó bóyá imú lo gbé e gbà. Ohùn Èkìtì tó bá já gaara yóò yege níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Kóòṣì bá sọ èyí fún wọn, ta ni yóò san owó àtúnṣe ohùn? Ó tún kù: èsì ìdánwò náà ń kú lẹ́yìn ọdún méjì, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń kan bí ọbẹ̀. Ọmọ Jamaica tàbí Guyana tó ń wá físà iṣẹ́ sí Ìlú Ọba kò ní ṣe é, torí orílẹ̀-èdè wọn wà lára àwọn tí ìjọba ibẹ̀ kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dájọ́, tó sì ń torí Gẹ̀ẹ́sì na ọmọ ọlọ́mọ, kò sí níbẹ̀. Mi ò rí ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè náà bíi Kóòṣì.

Lẹ́yìn àbẹ́là ló kan ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ọ̀sán oṣù Kẹta ni, wọ́n ti mú iná lọ, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Wọ́n kọjú síra wọn ní méjì-méjì. “It's a bit chilly today, isn't it?” “Yes, but mustn't grumble.” Bíríkìlà kan tó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú béèrè pé tí òtútù ò bá mú èèyàn ńkọ́. Kóòṣì ní a kì í ta ko ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, kó ṣáà gbà. Ó rí i sọ níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, èyí nìkan ni mo rò pé ará Ìlú Ọba yóò bá a fọwọ́ sí.

Ó wá kan bí a ṣe ń tọrọ nǹkan. Kóòṣì ní a kì í sọ pé fún mi lómi. “I was wondering if you could possibly” ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, bí gbólóhùn náà bá sì ṣe gùn tó ni ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Òyìnbó kì í sọ pé rárá, yóò ní òun á rò ó wò. Yorùbá, ó ní, kò ní irú rẹ̀. Àṣẹ la máa ń pa. Àwọn tó ń sọ èyí fún ni àwọn tó kí i kú ìjókòó kí wọ́n tó wọlé, tí wọ́n ní “ẹ má bínú” kí wọ́n tó ya báírò lọ́wọ́ ara wọn, tí àgbà inú wọn ń fi “ẹ” bá ọmọdé tó gba owó wọn sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ń ṣàlàyé “possibly” lọ́wọ́ ni òùngbẹ ti gbẹ ẹ́. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó gbohùn sókè sí obìnrin tó ń ta omi nísàlẹ̀, ẹni tí yóò tó ẹgbẹ́ ìyá tó bí i: “Ìwọ! Gbé píọ̀wọ́tà wá kíá! Àbí o dití ni?” Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó padà sórí “possibly.” Kò ju kọ́bọ̀ sínú àpótí. Ìta fèrèsé kì í ṣe kíláàsì.

Àpótí yẹn kì í ṣe àmúwá rẹ̀ ṣá o. Ilé-ìwé tó lọ ló ti bá a, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lédè ìyá rẹ̀. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ fún olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ta ló gbọ́? Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde ní Àbújá, níbi àpérò kan tí British Council pè, pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Kóòṣì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lẹ iná mọ́ ọn, ó sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ìjà kan wáyé nínú kíláàsì náà, orí orúkọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni pé ní Ìlú Ọba, kò sí sà, kò sí mà. Bí mánijà rẹ bá ń jẹ́ Steve, Steve ni wàá pè é. Òótọ́ ni. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Leeds, kò rí i ṣe. Kó tó la ẹnu, orúnkún rẹ̀ á ti tẹ̀. Kóòṣì ní kó nàró, kó wo òun lójú, kó ṣe bí ẹni pé òun ni mánijà. Ó gbìyànjú, “sà” tún yọ. Ó tún un ṣe, “sà” ń yọ. Àwọn ará kíláàsì ń gbà á níyànjú. Níkẹyìn, ó mí kanlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè: “Good morning, Dáre. How are you?”

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ojú Kóòṣì yí. Yorùbá ló fi dáhùn, kò sì gba imú rárá: “Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé ẹgbẹ́ yín ni mí ni?” Ó tọ̀nà, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, àkọ́bí ìyá náà gbọ́njú kí wọ́n tó bí Kóòṣì. Ìyá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí àpótí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi èèyàn ṣe mánijà mọ́. Wọ́n á gbé àga oníke kan síwájú, wọ́n á máa kí i ní Steve.

Kóòṣì tún ní ìwé kékeré kan tó kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa sí. “Next tomorrow” ló wà lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fóònù sí i lójú pé láti oṣù Kínní 2020 ni ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gbà á wọlé, òun pẹ̀lú danfo àti mama put. Kóòṣì wò ó títí. Ó ní Oxford náà kì í ṣe bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn ọdún tí owó fi rọ̀ fún un ni ẹ̀yìn oṣù Kejì 2022, nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń torí ẹ̀ fún àlejò ní físà. Onídìrí, télọ̀, olùkọ́, gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe kẹ́à. Ní oṣù Keje 2025 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Kóòṣì fi ọ̀dà pa àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ lójú pátákó, ó ya ewé Kánádà sí i. Ìwé yẹn náà ni, àbẹ́là yẹn náà ni.

Onídìrí kan wà nínú àwọn tó tètè lọ, ilé àwọn arúgbó kan ní Stoke ló bọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ọmọlúàbí ló kọ́kọ́ gbé jáde. Ó bá bàbá kan níbi tó jókòó sí lálẹ́, ó ní òun ń rò ó bóyá bàbá lè fi inú rere gbà láti wò ó bóyá yóò ṣeé ṣe fún wọn láti lo oògùn wọn. Bàbá ti sùn kó tó dé orí oògùn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe onídìrí náà ní “duck,” ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ. Ó fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, àfi ìgbà tó gbọ́ tí wọ́n ń pe mánijà náà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó wù wọ́n ládùúgbò yẹn nìyẹn. Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹ “tea,” ó ní tíì kọ́ ni èèyàn ń jẹ. Wọ́n gbé ọ̀dùnkún àti ẹran wá. “You all right?” tí wọ́n ń jù sí i bí wọ́n ti ń kọjá, ó kọ́kọ́ ń dúró dáhùn, ó ń ròyìn àwọn ọmọ, ó ń béèrè tiwọn náà, ẹni tó bi í á ti yà lọ sí kọ́rídọ̀. Orúnkún tí Kóòṣì ní kí wọ́n má tẹ̀ ló là á. Arúgbó tó wà nínú kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ gbé ọrùn sókè wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ lójú rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Bàbá tí kì í gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe aṣíwájú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

Ó pe Kóòṣì lórí fóònù nígbà ọdún láti dúpẹ́. Kóòṣì tan ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́ èso iṣẹ́ ọwọ́ òun. “Y'all right, duck? Ta for everything!” ni onídìrí sọ, ó sì ń bá a lọ wìtìwìtì, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Stoke gan-an. Kóòṣì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ẹnu ara wọn. Kóòṣì pa ohùn fóònù náà, ó gbé e sétí, ó rìn lọ sí ojú fèrèsé. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀ o, pé àwọn tó ń bá rìn ni. Àmọ́ kó má dààmú, òun ṣì lè tún un ṣe lórí Zoom, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Pọ́ùn ni yóò fi san án.